Okun Òòjọ́

Ẹ̀yin àgbà ìjọ, ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, mo kí yín o. Ẹ ṣeun tí ẹ pè mí. Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí onígbàgbọ́ ṣe lè rí okun nínú ìgbàgbọ́ rẹ̀ fún ìjàkadì ojoojúmọ́, inú mi sì dùn sí "ojoojúmọ́" tí ẹ fi kún un. Àwa ìjọ mọ ohun tí à ń ṣe nígbà tí ìjì ńlá bá jà. Bí èèyàn bá kú, à ń kún ilé ọ̀fọ̀. Bí ilé bá jó, à ń dáwó. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń tọ́jú ìyá tí kò dá a mọ̀ mọ́ láti ọdún mẹ́fà ńkọ́? Ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ ń fojú rẹ̀ gbolẹ̀ lójoojúmọ́, tí kò lè fiṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó ilé ìwé àwọn ọmọ ńkọ́? Tọkọtaya tí wọ́n jọ ń sùn lórí ibùsùn kan náà, tí wọn ò tíì bára wọn sọ̀rọ̀ gidi láti ọdún tó kọjá? Irú àwọn wọ̀nyí kì í pariwo. Wọ́n ń wá sí ìsìn, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń bá wa rẹ́rìn-ín. Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀.

Arábìnrin kan sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi tí kò kúrò lọ́kàn mi títí dòní. Ó wò yíká bóyá ẹnikẹ́ni ń gbọ́, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ó ní, "Mo ṣì gbàgbọ́ o. Ó kàn rẹ̀ mí ni."

Nígbà tí mo délé, mo bi ara mi pé, ta ló kọ́ ọ pé àárẹ̀ jẹ́ ohun tí wọ́n ń jẹ́wọ́? Jòhánù orí kẹrin sọ fún wa pé ó rẹ Jésù nítorí ìrìn àjò rẹ̀, ó sì jókòó létí kànga. Ọmọ Ọlọ́run jókòó nítorí pé ó rẹ̀ ẹ́. Kò bá àárẹ̀ rẹ̀ wí, kò lé e jáde bí ẹ̀mí èṣù. Ó jókòó, ó sì ní kí obìnrin tó wá pọnmi fún òun lómi mu.

Ẹ jẹ́ ká ṣí Mátíù orí kẹfà. Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tó fara hàn lẹ́ẹ̀mejì nínú Bíbélì Yorùbá wa, mo sì ti ń ka orí yẹn láti kékeré kí n tó rí i. Ní ẹsẹ kọkànlá, Jésù kọ́ wa láti gbàdúrà pé: "Fún wa ní oúnjẹ òòjọ́ wa lónìí." Gbogbo wa mọ ìyẹn lórí. Ẹ wá lọ sí ẹsẹ tó kẹ́yìn orí náà, ẹsẹ kẹrìnlélọ́gbọ̀n: "Búburú ti òòjọ́ tó fún un." Oúnjẹ òòjọ́, búburú òòjọ́. Àwọn tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà sí èdè wa fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo so ìpèsè àti wàhálà pọ̀. Ọjọ́ kan ní wàhálà tirẹ̀, ọjọ́ yẹn kan náà sì ní oúnjẹ tirẹ̀. Ohun tí mo bá yín wá nìyí, ẹ̀yin ará: wàhálà ọ̀la kò ní oúnjẹ nínú àwo òní. Bí o bá gbé wàhálà ọ̀la wá sórí tábìlì òní, ebi ni yóò pa ọ́, kì í ṣe nítorí pé Ọlọ́run kò pèsè, bí kò ṣe pé oúnjẹ tirẹ̀ kò tíì dé.

Àwọn ọmọ Ísírẹ́lì kọ́ ẹ̀kọ́ yìí nínú aginjù. Ẹ́kísódù orí kẹrìndínlógún ló wà. Mánà ń bọ́ láàárọ̀, kí oníkálùkù kó ìwọ̀n tí yóò tó o fún ọjọ́ náà. Mósè kìlọ̀ fún wọn pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ṣẹ́kù di ọjọ́ kejì. Àwọn kan kò gbọ́. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ pamọ́, ilẹ̀ mọ́, ó ti ń yọ ìdin, ó sì ń rùn. Ọjọ́ kẹfà nìkan ni wọ́n kó ìlọ́po méjì nítorí ọjọ́ ìsinmi. Mo máa ń ro ti àwọn tó tọ́jú ti ọ̀la yẹn. N kò rò pé olójúkòkòrò ni gbogbo wọn. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Ẹni tí wọ́n ti fi ṣe ẹrú rí, tí ebi ti pa rí, ó ṣòro fún un láti sùn nígbà tí kò sí nǹkan kan nínú apẹ̀rẹ̀.

Èmi náà ti fẹ́ kó mánà ọdún mẹ́wàá jọ lóru ọjọ́ kan. Ọmọ mi ọkùnrin dùbúlẹ̀ àìsàn ní ilé ìwòsàn fún ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá. Lóru, tí gbogbo yàrá bá ti dákẹ́, èmi a jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, èmi a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Bí kò bá lè rìn mọ́ ńkọ́? Ta ni yóò máa gbé e lọ sílé ìwé? Bí mo bá kú, ta ni yóò tọ́jú rẹ̀ nígbà tó bá pé ogójì ọdún? Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà yẹn. Mo ń tọrọ okun lọ́wọ́ Ọlọ́run láti gbé ọgbọ̀n ọdún tó ń bọ̀, mo sì ń bínú sí i pé kò fún mi. Gbogbo àdúrà mi nígbà yẹn, nípa ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ ni. Ohun tí ó wà níwájú mi gan-an, pé kí n sùn díẹ̀, kí n wẹ̀, kí n di ọwọ́ ọmọ mi mú bó bá jí, n kò tọrọ okun fún ìyẹn rárá.

Obìnrin ará Netherlands kan wà tó ń jẹ́ Corrie ten Boom. Òun, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin Betsie àti bàbá wọn, tó ń tún aago ṣe nílùú Haarlem, fi àwọn Júù pamọ́ sínú ilé wọn nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ó máa ń sọ ìtàn kan nípa ìgbà tó wà ní kékeré. Ó rí òkú ọmọ ọwọ́ kan, ẹ̀rù sì bẹ̀rẹ̀ sí í bà á pé bàbá òun náà yóò kú. Ó sunkún fún bàbá rẹ̀ pé òun kò ní lè fara dà á. Bàbá bi í pé, nígbà tí a bá ń lọ sí Amsterdam, ìgbà wo ni mo máa ń fún ọ ní tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin rẹ? Ọmọ náà ní, kété kí a tó wọkọ̀ ni. Bàbá ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Bàbá wa ọ̀run ń ṣe.

Bí ìtàn náà bá parí síbẹ̀, ìtàn dídùn lásán ni ì bá jẹ́. Àmọ́ ní oṣù kejì ọdún 1944, àwọn ọlọ́pàá ìjọba Násì ti Jámánì, tó ń pa àwọn Júù, wá kó bàbá náà àti àwọn ọmọ rẹ̀. Bàbá náà ti pé ẹni ọdún 84, kò sì ju nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá lọ tó fi kú sí àhámọ́. Wọ́n kó àwọn ọmọbìnrin méjèèjì lọ sí àgọ́ ìfìyàjẹni Ravensbrück ní Jámánì, Betsie sì kú síbẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà. Corrie jáde lóòyẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó sì fi èyí tó kù nínú ayé rẹ̀ rìn káàkiri àgbáyé, ó ń wàásù ìdáríjì. Nítorí náà, nígbà tó bá sọ pé tíkẹ́ẹ̀tì máa ń dé kí a tó wọkọ̀, ẹni tó ti wọ ọkọ̀ náà ló ń sọ̀rọ̀.

Ẹ wá bá mi lọ sọ́dọ̀ Èlíjà. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí a pẹ́ sí.

Nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí kejìdínlógún, Èlíjà pe iná sọ̀kalẹ̀ láti ọ̀run. Ní orí kọkàndínlógún, ó sá wọ aginjù nítorí ìhàlẹ̀ Jésíbẹ́lì, ó jókòó lábẹ́ igi kan, ó ní kí òun kú. Ó ní, ó tó, Olúwa, gba ẹ̀mí mi kúrò. Orí kan ṣoṣo ló wà láàárín iná láti ọ̀run àti "kí n kú". Mo dúpẹ́ pé ẹni tó kọ ìwé yẹn kò fi èyí pamọ́ fún wa.

Kí ni Ọlọ́run wá ṣe? Ẹ fara balẹ̀ wò ó. Kò wàásù fún un. Kò rán an létí iṣẹ́ ìyanu àná. Kò bi í pé ìgbàgbọ́ rẹ dà? Èlíjà sùn, Ọlọ́run sì jẹ́ kó sùn. Áńgẹ́lì fọwọ́ kàn án, ó ní, "Dìde, jẹun." Àkàrà tí wọ́n dín lórí ẹyín iná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀, pẹ̀lú ìkòkò omi. Ó jẹ, ó mu, ó tún padà sùn. Áńgẹ́lì yẹn padà wá lẹ́ẹ̀kejì, kò sì bínú pé ó tún ti sùn. Ó ní kó dìde, kó jẹun, nítorí pé ọ̀nà náà jìn fún un. Ọlọ́run gbà pé ọ̀nà náà jìn. Kò sọ pé kò jìn tó bó ṣe rò, kò sọ pé akọni kì í sọ bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ yẹn ni Èlíjà fi rin ogójì ọ̀sán àti ogójì òru dé òkè Hórébù, ibẹ̀ ni Ọlọ́run sì ti wá bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Oorun ló kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn rẹ̀ oúnjẹ, lẹ́yìn rẹ̀ ìrìn, kí ọ̀rọ̀ tó dé. Bí àwa bá fẹ́ ran ẹni tó wà lábẹ́ igi lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ la máa ń kọ́kọ́ gbé dé.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún tí a lò ní ilé ìwòsàn, àwọn kan wá kí mi, wọ́n sì ní kí n yẹ ara mi wò, bóyá ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tó ṣí ilẹ̀kùn fún àìsàn ọmọ mi. N kò ní sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Mo ti dárí jì wọ́n, àmọ́ mo ṣì rántí bí ẹsẹ̀ mi ṣe tutù nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan wọlé, ó wò mí lójú, ó ní, "Màmá, ẹ ti jẹun lónìí?" Inú kọ́kọ́ bí mi. Àsọtẹ́lẹ̀ ni mo ń retí, ẹnì kan wá ń bi mí léèrè oúnjẹ. Ó gbé oúnjẹ tirẹ̀ sílẹ̀ fún mi, ó fa àga súnmọ́ ibùsùn, ó ní òun yóò jókòó ti ọmọ náà fún wákàtí méjì, kí n lọ sùn. Mo sùn. Ọdún yẹn kò tíì parí kí n tó ka Àwọn Ọba Kìíní orí kọkàndínlógún lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì rí ẹni tó wọ yàrá wa lóru ọjọ́ yẹn.

Ọmọ mi yè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì kò padà bọ̀ sípò. Mo ti gbàdúrà lórí ẹsẹ̀ yẹn ju bí mo ṣe lè kà lọ, mo sì mọ̀ pé irú yín pọ̀ níbí tí ẹ ní ohun kan tí ẹ ti gbàdúrà lé lórí tí kò yí padà. Pọ́ọ̀lù ní ẹ̀gún kan nínú ara. Ó bẹ Olúwa lẹ́ẹ̀mẹta pé kó yọ ọ́. Ìdáhùn tó gbà nínú Kọ́ríńtì Kejì orí kejìlá ni pé, "Oore-ọ̀fẹ́ mi tó fún ọ." Ẹ̀gún náà dúró. Ìdáhùn gidi sì ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe èyí tó béèrè. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìgbàgbọ́ Pọ́ọ̀lù kò tó.

Pọ́ọ̀lù yìí kan náà ló kọ ẹsẹ tí a máa ń lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ àti ògiri: "Èmi lè ṣe ohun gbogbo nínú Kristi ẹni tí ń fi agbára fún mi." Fílípì orí kẹrin, ẹsẹ kẹtàlá. A máa ń kà á bí ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ borí nínú ìdíje. Ẹ ka ẹsẹ tó ṣáájú rẹ̀. Inú ẹ̀wọ̀n ló ti ń kọ̀wé, ó sì ń sọ pé òun ti kọ́ bí a ṣe ń yó àti bí ebi ṣe ń pani, bí a ṣe ń ní ànító àti bí a ṣe ń ṣaláìní. Nínú "ohun gbogbo" yẹn, ebi wà níbẹ̀. Agbára tí ó ń sọ ni agbára láti ṣaláìní kí ọkàn má sì bàjẹ́. Ó sì ní òun kọ́ ọ ni. Ohun tí wọ́n bá ń kọ́, ó máa ń gba àkókò.

Mo ní láti sọ nǹkan kan nípa ìfaradà, torí pé wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ yìí pa àwọn kan lára. Bí wọ́n bá ń lù ọ́ nínú ilé, okun tí Ọlọ́run ń fún ọ kì í ṣe kí o lè máa gba ìlù lọ. Ó lè jẹ́ okun láti jáde ni. Nígbà tí wọ́n ń wá Pọ́ọ̀lù pa ní Dámásíkù, inú apẹ̀rẹ̀ ni àwọn ọmọ ẹ̀yìn gbé e sí, wọ́n sì sọ ọ́ kalẹ̀ lára odi lóru. Nígbà tí wọ́n ṣa òkúta láti sọ Jésù, ó fara pamọ́, ó sì jáde kúrò ní tẹ́ḿpìlì. Kò sí ẹni tó lè pe Jésù ní aláìnígbàgbọ́. Bákan náà, ẹni tí dókítà fún lóògùn, kó lo oògùn rẹ̀. Ẹni tí ìrònú rẹ̀ ti ń sọ fún un bíi ti Èlíjà pé kó kú, kó má ṣe dá jókòó lábẹ́ igi náà. Sọ fún ẹnì kan lónìí, kí o sì lọ rí dókítà. Ìyẹn kì í ṣe àìgbàgbọ́.

Àwọn Sáàmù náà ń bẹ. Bí o kò bá rí ọ̀rọ̀ gbàdúrà, yá tiwọn. Dáfídì bi Ọlọ́run ní Sáàmù 13 pé, "Yóò ti pẹ́ tó, Olúwa?" Sáàmù 88 tilẹ̀ wà, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú igbe, tó sì parí sínú òkùnkùn láìsí ìyìn kankan ní ìparí. Ìwé Mímọ́ ni òun náà. Ẹni tó gbé e sínú ìwé ìyìn mọ̀ pé ọjọ́ kan máa wà tí ẹnì kan kò ní lè kọ orin mìíràn.

Báwo wá ni a ṣe ń gba okun òòjọ́? Mo fẹ́ sọ ọ́ bí mo ṣe ń ṣe é, kì í ṣe bí òfin. Láàárọ̀, kí n tó fọwọ́ kan fóònù, mo máa ń béèrè ohun kan lọ́wọ́ ara mi: kí ló le jù lónìí? Òní nìkan. Mo máa ń dárúkọ rẹ̀ fún Ọlọ́run pẹ̀lú aago rẹ̀. "Olúwa, ní aago mẹ́wàá ni mo máa bá ọkùnrin yẹn sọ̀rọ̀. Dúró tì mí ní aago mẹ́wàá." Tẹ́lẹ̀, àdúrà mi gbòòrò débi pé n kò lè mọ̀ bó bá gbà. "Fún mi ní okun nínú ayé yìí." Nígbà wo ni mo fẹ́ mọ̀ pé ó ti fún mi? Àmọ́ bí mo bá jáde nínú yàrá yẹn ní aago mọ́kànlá, tí n kò pariwo, tí n kò parọ́, mo mọ̀ pé ọwọ́ kan dì mí mú. Lálẹ́, mo máa ń dúpẹ́ fún ìyẹn gan-an. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo pariwo. Ní àwọn ọjọ́ yẹn, ìdáríjì ni oúnjẹ òòjọ́ mi. Ẹ rántí pé nínú àdúrà Olúwa, bí a bá ti tọrọ oúnjẹ tán, "dárí ẹ̀ṣẹ̀ wa jì wá" ló tẹ̀ lé e.

Ó sì ku èyí tó le jù fún àwa tí a jẹ́ alágbára lójú àwọn èèyàn. Nígbà tí Ísírẹ́lì ń bá Ámálékì jà, ọwọ́ Mósè wúwo. Áárónì àti Húrì gbé òkúta fún un kó jókòó, wọ́n sì gbé ọwọ́ rẹ̀ ró, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, títí oòrùn fi wọ̀. Mósè tó pín òkun níyà jẹ́ kí wọ́n gbé ọwọ́ òun ró lójú gbogbo èèyàn. Ní ọ̀nà Gọ́gọ́tà ńkọ́? Wọ́n fi agbára mú Símónì ará Kírénè, ọkùnrin kan tó ń bọ̀ láti ìgbèríko, pé kó gbé àgbélébùú Jésù. Mo ti ronú sí èyí títí. Olúwa tó ru ẹrù gbogbo ayé jẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun ru igi. Àwa wá ń sọ pé, "Mo wà dáadáa, ẹ má ṣèyọnu."

Arábìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, èmi náà kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ dé bá a. Mo ka ẹsẹ Bíbélì mẹ́ta fún un. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo tó padà lọ, tí mo bá a fọ aṣọ, tí mo sì jókòó ti ìyá rẹ̀ kó lè sùn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí fún ti ìgbà àkọ́kọ́.

Nítorí náà, a ò ní tètè pa iná lálẹ́ òní. Èmi àti àwọn arábìnrin méjì máa wà lórí àga iwájú, ní ọwọ́ òsì yìí. Ẹ̀yin tó bá rẹ̀ nínú yín, ẹ máa bọ̀. A ò ní bi yín ní ohun tí ẹ kò fẹ́ dáhùn, a ò sì ní wá ẹ̀ṣẹ̀ yín. Bí ẹ bá fẹ́ ká gbàdúrà, a ó gbàdúrà. Bí ẹ bá kàn fẹ́ jókòó, àga wà. Omi wà níbẹ̀, a sì ti ṣètò ohun tí ẹ lè fi panu.